Orúkọ Lórí Òkúta: Ìtẹ́ Òkú Ajẹ́lẹ̀ àti Ìrántí Àwọn Aṣáájú Ìlú Èkó

Ìfáárà

Púpọ̀ ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ìtàn ìlú Èkó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Wọ́n ti tú ìwé àwọn àjíhìnrere wò, wọ́n ti tú lẹ́tà àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wò, wọ́n sì ti ka àwọn ìwé ìròyìn tí àwọn ọmọ Èkó fúnra wọn tẹ̀ jáde nígbà náà. Ìwé kan ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́. Ara òkúta ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní ìtẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ní àárín Erékùṣù Èkó, níbi tí wọ́n sin ọ̀pọ̀ nínú àwọn Kírísítẹ́nì ìgbà náà sí, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ pé kí wọ́n hú ibẹ̀, kí ilé iṣẹ́ ìjọba lè rí ibi dúró sí.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni irú òfò tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ènìyàn bá fi ojú àṣà ìsìnkú Yorùbá àtijọ́ nìkan wò ó, ó lè dà bí ẹni pé òfò náà kò tó nǹkan, nítorí pé àwọn baba ńlá wa kì í kọ orúkọ òkú sára òkúta, ìtàn wọn kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ parun. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n sin sí Ajẹ́lẹ̀ yàtọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni ogun àti òwò ẹrú ti já kúrò lára ilé baba wọn. Fún irú wọn, òkúta ni ó rọ́pò ilé. Nígbà tí òkúta sì lọ, kò sí ilé tí ìrántí lè padà sí.

Ìsìnkú nínú ilé àti ìrántí tí kò lo òkúta

Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí àbúrò rẹ̀ Obadiah sì rí i pé ó jáde ní 1921, ṣàlàyé pé inú ilé ni Yorùbá ń sin àgbàlagbà sí. Àwọn tí a kì í sin sílé ni àbíkú, ẹni tí àrá pa, abuké, adẹ́tẹ̀, obìnrin tí ó kú toyúntoyún àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ní ètùtù tiwọn àti igbó tiwọn. Ní ti Aláàfin, Bàrà ni wọ́n ń sin ín sí. Àwọn obìnrin ni ó ń tọ́jú ibẹ̀, Ìyámọdẹ sì ni olórí wọn. Johnson sọ pé Aláàfin fúnra rẹ̀ ka obìnrin yìí sí baba, ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé ẹni tí ó ń ṣọ́ ojú oórì ọba kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ ní Ọ̀yọ́.

Nígbà tí òkú bá wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá, kí ni òkúta ìrántí fẹ́ ṣe? Àwọn ọmọ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ náà lójoojúmọ́. Wọ́n mọ ibi tí orí rẹ̀ wà àti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ bí nǹkan bá ta kókó. Oríkì ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí ìkọ̀wé ń ṣe lára òkúta, àmọ́ ó ń ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkúta kò lè sọ ju orúkọ, ọjọ́ àti gbólóhùn kan tàbí méjì lọ. Oríkì ń sọ ìwà, ìṣe, àbùkù, oúnjẹ tí òkú fẹ́ràn àti ogun tí ó jà. Àwọn obìnrin ilé ni wọ́n sábà máa ń mọ̀ ọ́n jù, àwọn ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Òwe tí ó ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ fi hàn pé ilé gan-an ni ìwé tí orúkọ ti ń jáde.

Kò yẹ kí èyí mú ẹnikẹ́ni rò pé Yorùbá kò gbẹ́ ohun ìrántí fún òkú rí. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a gbẹ́ ère igi, ìyá rẹ̀ a máa wẹ̀ ẹ́, a máa wọ̀ ọ́ láṣọ, a sì máa fún un lóúnjẹ. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n a máa ṣe àkó, ère tí ó jọ olóògbé gan-an, tí wọn yóò wọ̀ láṣọ tí wọn yóò sì gbé káàkiri ìlú kí wọ́n tó sin ín. Ní Ilé-Ifẹ̀ ẹ̀wẹ̀, Ọ̀pá Ọ̀rányàn ṣì ń bẹ lórí ìdúró: akọ òkúta kan ṣoṣo tí gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà márùn-ún ààbọ̀, tí wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ lára. Àwọn kan nínú onítàn Ifẹ̀ gbà pé ojú oórì Ọ̀rányàn ni. Kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀, síbẹ̀ orúkọ ẹni tí ó ni ín kò sọnù, nítorí pé ìlú tí ó mọ̀ ọ́n kò túká.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni kókó. Òkúta tí kò ní àkọlé lè sọ̀rọ̀ bí àwọn tí ó yí i ká bá mọ̀tàn. Àwọn tí ó dé sí Èkó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Àwọn Sàró, àwọn Àgùdà àti òkúta ìrántí

Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Yorùbá tí àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n sì ti ń gbé ní Sàró, ti bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sílé. Àwọn mìíràn ti ilẹ̀ Brazil àti Cuba wá, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní Bahia ní 1835. Àwọn ti àkọ́kọ́ ni Sàró, àwọn ti ìkejì ni Àgùdà. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn ba Èkó jẹ́ ní 1851, tí wọ́n sì gba ìlú náà pátápátá ní 1861, iye wọn pọ̀ sí i ní Èkó.

Bí ènìyàn bá wo ìtàn Àjàyí Crowther, yóò lóye ìdí tí òkúta fi ṣe pàtàkì sí irú wọn. Òṣogùn ni ìlú rẹ̀. Ní 1821 ni àwọn agbésùnmọ̀mí kó ìlú náà, wọ́n sì mú Àjàyí, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn títí tí ó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Myrmidon gbà á sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1822, ó sì gbé e lọ sí Sàró. Ó di 1846 kí ó tó fojú kan ìyá rẹ̀, Àfálá, ní Abẹ́òkúta. Ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ní 1883 ni ó kú, Èkó ni ó sì kú sí. Crowther fúnra rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Nínú ilé baba rẹ̀ wo ni wọn ìbá sin ín sí? Iná ti jó ilé náà láti àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kún Ajẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni Ẹ̀gbá ti sùn ti Ọ̀yọ́, tí Ìjẹ̀ṣà sùn ti Ẹ̀gbádò, láìka ogun tí àwọn ìlú wọn ń bá ara wọn jà lókè lọ́hùn-ún sí. Agboolé kì í gba irú àdàlù bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ti kọ́kọ́ kó wọn pọ̀ ní Sàró, ìtẹ́ òkú sì tún kó wọn pọ̀ ní Èkó. Ẹni tí kò bá ní ẹni tí yóò ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀ nílò ibi kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ti rí orúkọ rẹ̀ kà. Ìwé kíkà sì ni iṣẹ́ tí àwọn Sàró mọ̀ jù.

Àmọ́ Èkó kò ní àpáta. Iyanrìn, ẹrẹ̀ àti ọ̀sà ni ó yí ìlú náà ká. Òkúta èyíkéyìí tí ènìyàn bá rí lójú oórì ní Erékùṣù, láti ibòmíràn ni ó ti wá: yálà láti ìhà Abẹ́òkúta tí akọ òkúta pọ̀ sí, tàbí, bí ó bá jẹ́ mábù, nínú ọkọ̀ òkun. Nípa bẹ́ẹ̀, òkúta ìrántí kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn lè rà. Àwọn tí kò lówó mábù lo àgbélébùú igi, bíríkì tàbí sìmẹ́ǹtì, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà sì wúlò níbẹ̀ gidigidi, nítorí pé nínú wọn ni àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tí ó dáńtọ́ jù ní Èkó ti jáde. Àwọn kan náà tí wọ́n ń fi òdòdó sìmẹ́ǹtì ṣe ojú fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́ṣọ̀ọ́ ní Pópó Àgùdà mọ bí a ti í kọ́ ibojì.

Ní ti àwòrán tí wọ́n ń gbẹ́ sára òkúta, irú èyí tí ó gbilẹ̀ láàárín àwọn Kírísítẹ́nì ayé ìgbà náà ni: ìwé tí ó ṣí sílẹ̀, ìdákọ̀ró tí ó dúró fún ìrètí, ọwọ́ méjì tí ó di ara wọn mú, ìkòkò tí aṣọ bò lórí, òpó tí ó dá ní agbede méjì. Ìlú òyìnbó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì wọ̀nyí ti wá, ṣùgbọ́n òpó tí ó dá kò nílò ògbufọ̀ fún Yorùbá. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe olóyè tàbí baálé ní òpómúléró mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé tí òpó rẹ̀ dá.

Orúkọ mélòó ni ó wà lórí òkúta?

Ohun tí ó ṣòro jù láti kà lára òkúta àwọn Sàró ni orúkọ. Àjàyí jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, èyí tí à ń sọ ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i. Crowther jẹ́ orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan. Ọ̀kan sọ bí ó ṣe wá sáyé, èkejì sọ ẹni tí àwọn míṣọ́nnárì fẹ́ bọlá fún. Nígbà tí ó di ìparí sẹ́ńtúrì náà, àwọn ọmọ Èkó kan kọ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. David Brown Vincent, àlùfáà Onítẹ̀bọmi, di Mọ́jọlà Àgbébí ní 1894. Olùwádìí tí ó bá ń wá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìrìbọmi lè wá orúkọ kan, kí ó sì jẹ́ pé òmíràn ni ó wà lórí òkúta. Bí òkúta bá wà, yóò so méjèèjì pọ̀, nítorí pé orúkọ ọkọ tàbí aya, ọjọ́ ikú àti ọdún tí olóògbé lò láyé sábà máa ń bá a rìn. Bí kò bá sí, ó di àfọ̀mọ́ tí kò ní igi.

Àpẹẹrẹ tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí yé ni jù ni ti obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sarah Forbes Bonetta. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni. Àìná ni orúkọ rẹ̀, orúkọ àmútọ̀runwá tí à ń fún ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ní 1848 ni àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì run ìlú náà, wọ́n sì kó o lọ sí ààfin Gezo. Ní 1850 ni Gezo fi í ta ọ̀gákọ̀ Frederick Forbes lọ́rẹ láti gbé fún Ọbabìnrin Victoria. Forbes fún un ní orúkọ ara rẹ̀, ó sì fi orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, kún un. Ní 1862 ni ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Sàró, ní ìlú Brighton, wọ́n sì wá ń gbé ní Èkó. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1880 ní erékùṣù Madeira, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí, ní ìtẹ́ òkú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Funchal.

Ọkọ rẹ̀ gbé òpó akọ òkúta kan kalẹ̀ ní ìrántí rẹ̀ ní Ìjọn, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Èkó, níbi tí ó dá oko kòkó sí. Àkọlé ara rẹ̀ pe obìnrin náà ní ọmọ ọba, ó pè é ní aya Davies, ó sọ ibi àti ọjọ́ tí ó kú, ó sì ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Orúkọ ọ̀gákọ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀. Orúkọ ọkọ wà níbẹ̀. Àìná kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀bi Davies kọ́ ni èyí. Orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ni ó kọ, ó sì náwó nára láti gbé òkúta náà dúró ní ilẹ̀ Yorùbá fún aya tí ó kú sí ìdálẹ̀. Síbẹ̀, ó kọ́ olùwádìí pé kí ó má ṣe rò pé òkúta sọ gbogbo òtítọ́. Ẹni tí ó sanwó àkọlé ni ó ń pinnu orúkọ tí yóò ṣẹ́kù. Ní ibi tí oríkì wà, obìnrin ilé kan ì bá ti dá Àìná padà sínú ọ̀rọ̀.

Kí a fi èyí wé ti Ẹfúnróyè Tinúbú, ọlọ́jà ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní Èkó ní 1856. Abẹ́òkúta ni ó padà sí, ibẹ̀ ni ó ti di Ìyálóde, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1887. Àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ní Òjókòdó. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè orúkọ wo ni ó jẹ́.

Bí Ajẹ́lẹ̀ ṣe parẹ́

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1967, ìjọba tuntun náà nílò ilé iṣẹ́, ilẹ̀ sì ti wọ́n ní Erékùṣù. Ogun abẹ́lé parí ní 1970, owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ilé gíga sì di àmì ìdàgbàsókè. Lójú irú ìjọba bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí òkú nìkan ń gbé dà bí ilẹ̀ òfìfo. Lábẹ́ Mobolaji Johnson, gómìnà ológun láti 1967 sí 1975, ni àṣẹ jáde pé kí wọ́n hú Ajẹ́lẹ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ọmọ Èkó ni ó wà nípò, kì í ṣe àjèjì. Ìjọba amúnisìn, tí ó wó ọ̀pọ̀ ilé ní Erékùṣù ní orúkọ ìmọ́tótó, kò fọwọ́ kan ibẹ̀ títí tí ó fi lọ. Wole Soyinka bẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ náà kíkankíkan nínú ìwé rẹ̀, ó sì fi hàn pé ìran ènìyàn kan ni wọ́n ti inú ìtàn yọ kúrò nítorí ilé iṣẹ́ ìjọba. Bóyá ó tilẹ̀ rọ́rọ̀ sọ ju bí àwọn onímọ̀ ìtàn ṣe sọ ọ́ lọ, nítorí pé àwọn yẹn, tí òfò náà kàn gbọ̀ngbọ̀n, kò pariwo tó.

Wọ́n kó eegun Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lọ sí Kàtídírà Kírísítì ní Màrínà, ohun ìrántí rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Crowther ni ẹni tí kò nílò òkúta jù nínú gbogbo wọn. Ìwé rẹ̀ wà, lẹ́tà rẹ̀ wà, Bíbélì tí ó ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀ wà, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kún ilé ìkàwé. Àwọn tí òkúta nìkan ni ẹ̀rí wọn ni ó fara gbá a: aránṣọ, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kékeré, ìyá ọlọ́jà, káfíńtà, ọmọ ọwọ́ tí ibà pa. Orúkọ irú wọn kì í jáde nínú ìwé ìròyìn bí kò ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá kú, nígbà mìíràn kì í jáde rárá.

Ẹnìkan lè sọ pé bí òfin bá wà ni, irú rẹ̀ kì bá ti ṣẹlẹ̀. Òfin wà. Láti 1953 ni òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti fún ìjọba láṣẹ láti kéde ibi kan gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kéde Ilé Ìlọ́jọ́, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855 ní Ìta Tinúbú, ní 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, katakata wó ilé náà palẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan. Bí ilé tí òfin dárúkọ bá lè lọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òfin nìkan kò tó.

Ìtẹ́ òkú kan ní New York

Ohun tí ó fara jọ ti Ajẹ́lẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìlú New York ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó sì tọ́ kí a gbé méjèèjì sí ẹgbẹ́ ara wọn, nítorí pé ọ̀nà òwò ẹrú kan náà ni àwọn òkú méjèèjì tọ̀. Ní 1991, bí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ gíga kan ní Manhattan, eegun bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Ìtẹ́ òkú àwọn Adúláwọ̀ ni, àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti gba òmìnira, tí wọ́n ti pa ẹnu rẹ̀ dé láti 1794. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé iye ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀ lè tó 15,000.

Àwọn Adúláwọ̀ ìlú náà fárígá. Wọ́n ṣọ́ ibẹ̀, wọ́n gbàdúrà níbẹ̀, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ilé náà dìde, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjọba gé apá kan kúrò nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ lè ṣẹ́kù. Wọ́n kó eegun ènìyàn 419 lọ sí Yunifásítì Howard fún àyẹ̀wò. Ní 2003 ni wọ́n tún wọn sin sí ibi tí wọ́n ti hú wọn, nínú pósí tí wọ́n gbẹ́ ní ilẹ̀ Gánà. Ní 2006 ni ààrẹ kéde ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 2007 ni wọ́n sì ṣí ọ̀wọ́n ìrántí òkúta tí ó wà níbẹ̀.

Èyí ni ohun tí ó gbọdọ̀ dun ọmọ Yorùbá. Àwọn òkú New York kò ní orúkọ kankan tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Kò sí òkúta tí ó dárúkọ wọn, kò sí ọmọ tí ó lè wí pé baba òun nìyí. Síbẹ̀ wọ́n rí ẹni jà fún wọn, wọ́n sì rí òkúta gbà ní igba ọdún lẹ́yìn ikú wọn. Àwọn òkú Ajẹ́lẹ̀ ní orúkọ, wọ́n ní ọjọ́ ìbí, wọ́n ní ọmọ àti ọmọ ọmọ láàárín ìlú, a sì gba òkúta lórí wọn.

Òkúta àwọn ológun

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1917 láti máa tọ́jú ibojì àwọn tí ó kú sójú ogun gbé ìlànà kan kalẹ̀: òkúta kan náà fún gbogbo ènìyàn, láìwo ipò, àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà ní Yábàá àti ní Ìbàdàn, wọ́n sì tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí ológun tí ó dúró lórí ìlà. Ṣùgbọ́n ní 2021 ni ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé wọn kò pa ìlànà náà mọ́ fún gbogbo ènìyàn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó kéré tán, 116,000 ènìyàn, iye náà sì lè tó 350,000, ni wọn kò dárúkọ tàbí tí wọn kò ṣe ìrántí rárá, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà àti ti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn. Àwọn aláàárù tí wọ́n ru ẹrù ogun la igbó Kamẹrúùnù àti Ìlà Oòrùn Áfíríkà já wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn yìí yàtọ̀ sí ti Ajẹ́lẹ̀, nítorí pé wọn kò tilẹ̀ fún wọn ní òkúta tí ẹnikẹ́ni yóò wá gbà.

Ohun tí ó ṣẹ́kù láti kà

Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Crowther, kú ní oṣù karùn-ún 1946. Ìtẹ́ òkú Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé ìran àwọn ará Ajẹ́lẹ̀ sì wà. Yàtọ̀ sí Ìkòyí, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ pọ̀ ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Àgbádárìgì àti Ìjẹ̀bú-Òde tí òkúta ṣì wà nínú wọn. Àwọn ẹbí ẹ̀wẹ̀ ti padà sí àṣà àtijọ́ lọ́nà tuntun: wọ́n ń sin àgbà sí iwájú ilé, wọ́n sì ń fi táìsì, ère sìmẹ́ǹtì àti àkọlé bo ojú oórì rẹ̀. Nínú irú ibojì bẹ́ẹ̀ ni ilé àti òkúta ti wá pàdé.

Ìyára ni iṣẹ́ kíkà yìí ń fẹ́. Òjò ń jẹ mábù díẹ̀díẹ̀, tí ojú rẹ̀ fi ń rí págunpàgun bí iyọ̀, tí etí lẹ́tà sì ń yó. Níbi tí wọ́n bá ti fi òjé kún inú lẹ́tà, òjé a máa bọ́, ihò kéékèèké tí wọ́n fi dè é ni yóò ṣẹ́kù. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ lè fi ihò wọ̀nyí mọ lẹ́tà tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ti sìmẹ́ǹtì, irin inú rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí atẹ́gùn òkun bá ti mú irin dípẹtà, yóò wú, yóò sì la sìmẹ́ǹtì náà. Akọ òkúta ni ó ń pẹ́ jù, ṣùgbọ́n òun náà ń hu èèhù tí ó ń bo àkọlé mọ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kà á kò gbọdọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kò gbọdọ̀ da ásíìdì sí i, kò sì gbọdọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì kun ún gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe kí lẹ́tà lè hàn nínú fọ́tò. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Kí ó lọ ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń fi ẹ̀gbẹ́ wo òkúta, nítorí pé ìgbà náà ni òjìji máa ń wọ inú lẹ́tà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Bí igi bá ṣíji bò ó, dígí tí a fi ju ìmọ́lẹ̀ sí i láti ẹ̀gbẹ́ yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Kí ó da àkọlé náà kọ ní ìlà ní ìlà bí ó ṣe wà, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀, láìtún orúkọ kankan kọ ní àkọtọ́ òde òní. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá ilé olóògbé lọ, bí ilé náà bá ṣì wà, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àgbà obìnrin ibẹ̀ orúkọ tí wọn kò kọ.